Ṣé ajá ni mo wá gbà ni, àbí físà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Peckham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a sì ní ìbejì ọmọ ọdún 6. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ajá yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí n má lọ ra ajá olówó gọbọi, kí n kúkú gba ọ̀kan lára àwọn tí kò lólówó, kí n fi ṣàánú. Háà! Wọ́n bi mí léèrè bíi pé físà ni mo wá gbà. Wákàtí mélòó ni ajá máa dá wà nílé? Ṣé onílé mọ̀ sí i? Ṣé ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká? Wọ́n ní àwọn máa wá wo ilé. Wọ́n ní màá sanwó. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní ajá tí àwọn ọmọ fẹ́ràn yẹn kò bá ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ mu. Ajá tí wọ́n ṣà ní títì! N'Ìbàdàn, ṣe ni bàbá mi gba ọmọ ajá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó so ó mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe òwò ni wọ́n ń ṣe? Àbí nítorí pé a jẹ́ dúdú ni? Ṣé kí n kúkú lọ ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ajá àjọ aláàánú kan ní Kent, iṣẹ́ mi níbẹ̀ gan-an sì ni ká máa bi èèyàn nírú ìbéèrè tí wọ́n bi yín yẹn. Èmi ni mò ń pe èèyàn lórí fóònù, èmi náà ni mò ń wá wo ilé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bú, ẹ ti rí i.

Mi ò ní gbèjà gbogbo ohun tí à ń ṣe. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání, màá sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù November tó kọjá.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lé díẹ̀, òjò ń ṣe winniwinni. Ọkùnrin kan wa mọ́tò wọlé, kò pa á. Ó ṣí búùtù, ajá dúdú kan tí àyà rẹ̀ funfun bẹ́ sílẹ̀, ó ń ju ìrù, torí ó mọ ilé wa. Ọkùnrin yẹn na okùn ajá sí mi, ó gbé ọ̀rá kan lé e: abọ́ oúnjẹ rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan tó ti jẹ ìdajì rẹ̀. “Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù,” ló wí. Ó buwọ́ lùwé, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ajá jókòó sí ojú ibi tí mọ́tò wà tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí géètì. Mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́, kò wò ó. Mo bá lóṣòó tì í nínú òjò. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó dìde.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n dá a padà nìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kò ní àléébù kankan ju pé ó máa ń fa okùn lọ. Nígbà tí ilé àkọ́kọ́ dá a padà, ó ti kọ́ igbe: bí èèyàn bá ti fi í sílẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ilé kejì dá a padà, ó ti ń jẹ férémù ilẹ̀kùn. Ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, kò fẹ́ kí ọkùnrin kankan fọwọ́ kan ọrùn òun mọ́. Ajá kan náà ni o. Àlọ àti àbọ̀ ló bà á jẹ́.

Gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù yẹn, ajá tí wọ́n dá padà ló kọ ọ́. Ajá tó dá wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó ń hu, tí aládùúgbò fi pe káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, òun ló kọ ìbéèrè wákàtí. Èyí tí onílé fi lẹ́tà lé jáde ló kọ ti onílé. Èyí tó gba abẹ́ ọgbà jáde tí mọ́tò gbá ló kọ ti ọgbà. Òyìnbó tó ń ka ìbéèrè sí yín létí kò mọ̀ yín rí. Ọjọ́ Ẹtì ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ ní ajá tí wọ́n ṣà ní títì. Díẹ̀ lára wọn ni. Nílẹ̀ yìí, bí èèyàn bá rí ajá tó ń rìn gbéregbère, káńsù ló máa fà á lé lọ́wọ́. Káńsù á tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 7 kí olówó rẹ̀ lè wá gbà á. Láti ọdún 2016 ni òfin ti ní kí ajá kọ̀ọ̀kan ní ṣíìpù lábẹ́ awọ. Kò ju hóró ìrẹsì lọ, nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀. A máa fi ẹ̀rọ kan ra èjìká ajá, bó bá ti ké “píì”, nọ́ńbà á jáde, a ó pe olówó rẹ̀. Mo ti rí ajá tó délé kí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tó tutù. Mo sì ti rí èyí tí ṣíìpù rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún, fóònù kò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, káńsù lè fà á fún irú àwa.

Àwọn tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa, olówó wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọn wá. Tọkọtaya tú ká. Ìyá àgbà kú, àwọn ọmọ kò lè mú un. Ilé tuntun kò gba ajá. Àwọn mìíràn jẹ́ ajá ìgbà Kòrónà: lọ́dún 2020, gbogbo ayé jókòó sílé, wọ́n ra ajá kí wọ́n lè rí nǹkan bá ṣeré; nígbà tí ọ́fíìsì pè wọ́n padà, ajá tí kò tíì dá wà rí fún wákàtí kan wá ń dá wà fún mẹ́sàn-án. Mi ò lè ka iye obìnrin tó ti sunkún níwájú mi bí wọ́n ṣe ń fi okùn lé mi lọ́wọ́. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló burú.

Bí ajá bá wọlé, kò tíì lè lọ sílé ẹnikẹ́ni. Dókítà ẹranko á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní oògùn aràn àti ti eégbọn, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bó bá jẹ́ akọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bó bá jẹ́ abo, wọ́n á yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni pé a máa wò ó. A ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: ṣé á máa jẹun rẹ̀ lọ, àbí ara rẹ̀ á le gan, tí á fi ojú funfun wò wá? A ó mú un kọjá níwájú ajá mìíràn. A ó jẹ́ kí ẹni tó dé fìlà, ẹni tó ń tẹ kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń ti ọmọ nínú pírámù kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá kọ ló máa di “ilé tí kò sí ọmọ tó dín sí ọdún 12,” irú èyí tí wọ́n sọ fún yín yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ajá yẹn kò bá ilé yín mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti rí i bó ṣe le gan lórí abọ́ oúnjẹ. Ọmọ ọdún 6 kò mọ̀ pé ajá tó dákẹ́ tí ara rẹ̀ le ń sọ̀rọ̀. Á na ọwọ́ sí i. Ojú ọmọ ọdún 6 àti ẹnu ajá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé, ẹ fi wọ́n wéra ẹ wò. Bí ajá yẹn bá bu ọmọ yín jẹ nínú pálọ̀ yín, láti ọdún 2014 ni òfin ti kan inú ilé pẹ̀lú, kì í ṣe ìta nìkan mọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n lè pè lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pa ajá.

Ẹ tún béèrè bóyá nítorí àwọ̀ ni. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti jókòó sí ọ́fíìsì tí ẹnì kan ti wo orúkọ lórí fọ́ọ̀mù tó ní, “Àwọn wọ̀nyí, ìta ni wọ́n máa ń so ajá mọ́.” Orúkọ Yorùbá ni. Mo ní kó ka orúkọ tèmi náà fún mi. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tó ní ilé tirẹ̀, tó ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń ṣiṣẹ́ látilé ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń gbé fúláàtì lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tó ń ṣiṣẹ́ àṣálẹ́ ní ọsibítù, kò bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ń wà nílé ní gbogbo ìgbà tí òun bá jáde. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àjọ kan ṣe ń rí ẹnikẹ́ni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé. Lójú tèmi, ìwà òmùgọ̀ ni. Ajá kì í fẹ́ ẹ̀yìnkùlé tó bó ṣe fẹ́ ẹni tó máa mú un rìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹ má kàn bínú pa fóònù. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì. Bó bá jẹ́ nítorí ajá yẹn nìkan ni, ẹ bi wọ́n pé, “Èwo wá ni ẹ lérò pé ó lè bá wa gbé?” Ìbéèrè yìí máa ń yí ohùn wọn padà lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn ni ìbéèrè tí àwa fúnra wa ń gbàdúrà kí èèyàn bi wá. Kí ẹ sì kọ wákàtí iṣẹ́ yín àti ti ọkọ yín sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n rí i pé ilé kì í ṣófo.

Ti wíwo ilé: a kì í wá wo bóyá ilé mọ́. Ẹ má wulẹ̀ fi ìzàl fọ bárańdà. Mo máa ń wo ìsàlẹ̀ ọgbà, mo máa ń wo ibi tí ajá máa sùn, mo sì máa ń wo ojú àwọn ará ilé. Mo lọ sí ilé ọmọ Yorùbá kan ní Thamesmead, tọkọtaya dáadáa, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì ajá sílẹ̀. Mo mú ajá kékeré kan lọ́wọ́ láti fi wò wọ́n. Kò tíì wọlé tán tí igbe ta lókè: “Ẹ gbà mí o! Ta ló mú ajá wọlé?” Ìyá ọkọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó láti wá wẹ ọmọ, oṣù mẹ́fà ló sì máa lò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìyá ti gun orí àga ìdáná. Mo mú ajá jáde, mo padà wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, a jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ajá ọdẹ kan ti gé e jẹ ní itan, ó fi àpá rẹ̀ hàn mí. Mi ò fún wọn lájá lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó ilé bínú sí mi, ó tó oṣù méjì tí kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn oṣù keje, ó pè mí fúnra rẹ̀: màmá ti gbà, ó ní kó ṣáà má wọ kíṣìnnì òun. Ó sì tún kù síbẹ̀ nígbà tí ajá dé.

Nítorí náà, ẹ bi gbogbo ará ilé kí ẹ tó pè wọ́n padà. Bí màmá yín tàbí ìyá ọkọ yín bá ń bọ̀ láti ilé, bí ẹ bá ní àbúrò tí kò fẹ́ kí ẹnu ajá kan aṣọ tó fi ń kírun, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá wá. Ẹ ò ní pàdánù nítorí pé ẹ sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ owó kò le. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó tí wọ́n ń gbà kì í tó iye tí abẹ́rẹ́, ṣíìpù àti iṣẹ́ abẹ máa ná yín bí ẹ bá dá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú ní England àti Wales ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìkànnì wọn, ẹ máa rí iye tó wọlé àti iye tó jáde. Bí àjọ kan kò bá ní nọ́ńbà, tó ní ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan kí ẹ tó fojú kan ajá, ẹ sá. Ibi tí owó ń gbà wọlé fún wa ni ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà, àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, àti ìwé ìhágún. Bẹ́ẹ̀ ni, òyìnbó máa ń há ogún fún ajá. Mo mọ̀ pé ẹ ti mi orí. Àwọn òyìnbó náà mi orí nígbà kan: lọ́dún 1860, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé fún ajá tó sọnù ní Holloway, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèyàn ń kú lébi, ajá lo ń bọ́. Lọ́dún 1871, wọ́n kó ilé náà lọ sí Battersea, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Kò jìnnà sí yín.

Àtira lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ lè rà, kò lòdì sófin, àmọ́ ẹ ṣọ́ra gan-an. Láti April 2020 ní England, ẹni tí kò bí ọmọ ajá sílé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n bí i ni ẹ ti gbọ́dọ̀ rí i, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kí ọmọ sì máa mu ọmú rẹ̀ lójú yín bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pàdé òun ní ibùdó epo lójú ọ̀nà M25, kò ní ìyá kankan láti fi hàn yín. Irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ la máa ń rí tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, owó dókítà á sì ju owó ajá lọ. Bí wọ́n bá tún fi ajá ńlá alágbárí kan lọ̀ yín lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ní “bully” lásán ni, ẹ má sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 31 December 2023 ni títà XL Bully, fífi í tọrẹ àti wíwá ilé tuntun fún un ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales.

Bí ilé yín bá jẹ́ ti onílé aládàáni, òfin ayálégbé tí wọ́n fọwọ́ sí ní October 2025 fún yín lẹ́tọ̀ọ́, láti ọjọ́ 1 May 2026 ní England, láti béèrè fún ajá, onílé kò sì lè kọ̀ láìnídìí tó mọ́gbọ́n wá. Bó bá jẹ́ ti káńsù, ẹ yẹ ìwé àdéhùn yín wò. Ọ̀nà yòówù, ẹ gba ìdáhùn lórí ìwé, torí ọ̀rọ̀ ẹnu onílé kò tó fún wa.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dábàá, ẹ béèrè greyhound. Ajá eléré ìje ni wọ́n; bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á wá sọ́dọ̀ àwọn àjọ bíi tiwa. Ẹni tó bá rí i lórí pápá á rò pé kì í jókòó. Irọ́! Oorun ló ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè lórí àga tìmùtìmù yín. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbó. Bí ẹ bá ní ológbò nìkan ni kí ẹ má dán an wò.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, torí ibẹ̀ làwa Yorùbá ti ń ṣìṣe. Ẹ má fún un ní àjẹkù ọbẹ̀. Àlùbọ́sà inú rẹ̀, tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóṣóró, á gún un nífun. Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún nípa ṣokoléètì, èso àjàrà àti chewing gum tí kò ní ṣúgà. Ajá ilé bàbá yín n'Ìbàdàn jẹ ẹ́ kò kú, mo mọ̀. Mélòó ló kú tí wọ́n ní májèlé aládùúgbò ni?

Bó bá délé, àwa máa ń ka ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè má jẹun, ó lè wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ fi í sílẹ̀, kí àlejò má wá. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti mọ àsìkò oúnjẹ àti ìró kọ́kọ́rọ́ yín. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ mú wálé gan-an. Ẹ má fi àwọn ọmọ àti òun nìkan sílẹ̀ pọ̀ láàárín ìgbà yẹn, kódà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè yí orúkọ rẹ̀ padà bí orúkọ òyìnbó rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ pe Tańmọ̀la, ẹ fún un lẹ́ran. Ẹ pe Tańmọ̀la, ẹ fún un lẹ́ran. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan. Bí aládùúgbò yín bá jẹ́ Yorùbá, tó rò pé òun lẹ ń bá wí, ìyẹn kò kan àjọ aláàánú.

Ohun kan ṣì wà nínú ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù, àwọn èèyàn kì í sábà kà á: bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ọ̀dọ̀ àjọ náà ni kẹ́ ẹ dá ajá padà sí, yálà ó jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ọdún mẹ́jọ. Ẹ má fún ìbátan yín kan ní Manchester, ẹ má gbé e sórí Facebook. Ẹ pè wá nígbà tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, kó tó dé orí férémù ilẹ̀kùn. A ní ẹni tó máa wá bá yín kọ́ ọ nílé, ọ̀fẹ́ ni. Ọkùnrin ọjọ́ Ẹtì yẹn ní nọ́ńbà wa lórí fóònù rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Kò pè wá rí.